Ìwé Tí Ó Di Ilé Àwọn Atukọ̀

Ará Àjàṣẹ́ ni èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà. Mo ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí n tó mọ ABD.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Agnes Weston, àti ilé tí ó dá sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kí n má kọ́kọ́ sọ ti àbúrò mi, nítorí ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mo gbà mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, fi ilé sílẹ̀ ní 1979. Ó lọ sí Kútọnu, ó rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńlá kan. Iṣẹ́ ilé ìdáná ni. Ó ń fọ àwo, ó ń bó ànàmọ́ fún àwọn òyìnbó. Ní 1981 ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ dé. Ìyá wa gbé e mọ́ àyà, ó jó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á fún wa?

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà náà tó máa ń ka ìwé fún ènìyàn, tó sì ń gba owó. Mo mú ìwé náà lọ bá a. Ó kà á. Àbúrò mi sọ níbẹ̀ pé àìsàn kan ti ṣe òun, pé òun pẹ́ ní ilé ìwòsàn, pé owó ọwọ́ òun tán. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ta ata lọ́jà ti ń bi mí pé irú àìsàn wo ni. Ojú tì mí. Ìyá wa kò jáde sí ìta fún ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà, n kò mú ìwé àbúrò mi lọ bá ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò fún ọmọ mi tó ń lọ sí ilé-ìwé kà. Mo bẹ̀rù ẹnu ọmọdé ju ẹnu ọkùnrin yẹn lọ. Bí ìwé bá dé, inú àpótí ni mo ń fi sí, lábẹ́ aṣọ. Mẹ́fà ni ó dé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ti ìkẹyìn dé ní 1987. A kò ṣí ìkankan. Ìyá wa kú ní 1990, kò sì mọ ohun tó wà nínú wọn.

Ní 1995 wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní àdúgbò wa. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń lọ, pẹ̀lú fìtílà. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí: ọwọ́ tó ti mọ ọ̀pá ìwọnṣọ, tó ti mọ ìgbálẹ̀, kò tètè gbà fún kálámù. Ní 1996 mo rò pé mo ti tó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lè kàwé. Mo ṣí àpótí náà.

Àbúrò mi kò lọ sí ilé-ìwé ju ọdún mẹ́rin lọ. Yorùbá ni ó kọ, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bí àwọn Fáráńsé ti ń kọ tiwọn. Ibi tí àwa ń kọ u, òun ń kọ ou. Kò fi àmì sórí, kò fi àmì sábẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ka ìwé mẹ́fà. N kò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn ni ó ti béèrè ìyá wa. Nínú ti ìkẹyìn, ó béèrè bóyá a ti gbàgbé òun.

Ní ọjọ́ kejì mo mú àpò ìwé náà lọ bá olùkọ́ wa, kí ó bá mi ka ibi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, nítorí Fáráńsé ni wọ́n fi kọ ọ́. Olùkọ́ wa kàwé ní Ìbàdàn nígbà kan, ó gbọ́ Fáráńsé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ilé kan ni, ní èbúté kan ní ilẹ̀ Fáráńsé, ilé tí àwọn Kristẹni ṣí fún àwọn atukọ̀. Níbẹ̀ ni atukọ̀ ti lè sùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń bá a gba ìwé pamọ́ títí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi padà dé.

Mùsùlùmí ni wá nílé wa. Mo ní, “Olùkọ́, kí ni àbúrò mi ń wá ní ilé àwọn onígbàgbọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ gùn.”

Ohun tí ó sọ fún mi nìyí, pẹ̀lú èyí tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn náà, nítorí n kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ayé. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló dá gbogbo wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa ni ti Agnes Weston. Ní 1840 ni wọ́n bí obìnrin náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ìyà kò jẹ wọ́n. Wọ́n kó lọ sí ìlú kan tí à ń pè ní Bath, ibẹ̀ ni ó ti dàgbà. Bath kò sí létí òkun. Obìnrin tí àwọn atukọ̀ wá ń pè ní Ìyá Weston, kò dàgbà létí òkun rárá.

Ní 1868 ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn wò ní ilé ìwòsàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ. Àwọn ọmọ ogun kan wà ní agbègbè náà tí ó ń ṣe aájò wọn. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun, ó ń kọ̀wé sí wọn. Kì í ṣe ìwé ìjọba, kì í ṣe ìwé ìwàásù tí a tẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ni, tí orúkọ ẹni tó ni ín wà lórí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn sójà náà wọ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Crocodile. Ọ̀nì ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Ọkọ̀ yìí ni ó máa ń kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Sójà náà fi ìwé rẹ̀ han atukọ̀ kan nínú ọkọ̀. Atukọ̀ náà ní òun náà ìbá fẹ́ kí ẹnì kan máa kọ irú rẹ̀ sí òun. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Weston. Ó mú kálámù, ó kọ̀wé sí ọkùnrin tí kò rí rí.

Nígbà tí olùkọ́ dé ibi yìí, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró díẹ̀. Mo ń ro àbúrò mi, bí ó ti jókòó nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń pín ìwé fún àwọn ẹlòmíràn, tí wọn kò pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni ó kọ, a kò dáhùn. Mo sì ní ọwọ́ méjì.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Atukọ̀ kan sọ fún èkejì, èkejì sọ fún ẹ̀kẹta. Àwọn tó fẹ́ ìwé pọ̀ débi pé ọwọ́ ènìyàn kan kò ká a mọ́. Weston wá ń tẹ ìwé kan jáde ní oṣooṣù, wọ́n sì ń pín in nínú àwọn ọkọ̀ ogun. Àwọn atukọ̀ náà ń kọ̀wé padà sí i, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn, gbèsè wọn, ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ó ń dáhùn. N kò gbọ́ pé ó mú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lọ sí ọjà.

Ní 1873 ó lọ sí Devonport. Létí òkun ni Devonport wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Plymouth. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ogun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Ó bá obìnrin kan pàdé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sophia Wintz. Àwọn méjèèjì di bí ọmọ ìyá, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà títí ikú fi yà wọ́n. Weston ni orúkọ rẹ̀ ròkè, ṣùgbọ́n Wintz ni ó ń ṣe àkóso ìwé ìròyìn wọn, tí wọ́n ń pè ní Ashore and Afloat, èyí tí a lè pè ní “Lórí Ilẹ̀ àti Lórí Omi”. Ẹ má gbàgbé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́, ẹnì kan wà tó ń ru ẹrù tí a kì í pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìgbésí ayé atukọ̀ ti rí, kí ọ̀rọ̀ ilé náà lè yé yín. Atukọ̀ ogun lè wà lórí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Lójoojúmọ́ ni ìjọba ń bu ọtí líle tí à ń pè ní ròmù fún un nínú ọkọ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọn kò sì fòpin sí i títí di ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1970. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, a ó san owó rẹ̀ fún un. Ó jáde ní ẹnu ọ̀nà èbúté pẹ̀lú owó lápò, kò ní ẹbí ní ìlú náà, kò ní ibi tí yóò sùn. Kí ló wà níwájú rẹ̀? Ilé ọtí, òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń dúró de owó rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ti tán, nígbà mìíràn bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti lọ. Ẹni tó bá mọ etí èbúté Kútọnu mọ̀ pé n kò parọ́.

Àwọn atukọ̀ fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún Weston. Wọ́n ní ilé ni àwọn ń fẹ́, nítòsí ẹnu ọ̀nà èbúté gan-an, ilé tí kò ní ọtí. Mo fẹ́ràn ibi yìí púpọ̀. Kì í ṣe obìnrin náà ló jókòó sílé, tó wá pinnu ohun tí wọn yóò gbà. Ó ti ń ka ìwé wọn fún ọdún mélòó kan. Ó mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ó tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1876, wọ́n ṣí ilé náà ní òpópónà Fore Street ní Devonport, nítòsí ẹnu ọ̀nà èbúté. Oúnjẹ gbígbóná wà níbẹ̀, tíì àti kọfí, ibùsùn, àti yàrá tí ènìyàn ti lè jókòó kàwé. Owó díẹ̀ ni atukọ̀ ń san. Wọ́n ń ka Bíbélì níbẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń wàásù. Olùkọ́ kò fi èyí pa mọ́ fún mi. Ìgbàgbọ́ Jésù ni ó gbé obìnrin náà dé ibẹ̀, kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí atukọ̀ kọ́kọ́ rí ni ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Ní 1881 wọ́n ṣí òmíràn ní Portsmouth, tí í ṣe èbúté ogun ńlá mìíràn. Ní 1892 Ọbabìnrin Victoria gbà kí wọ́n fi orúkọ ọba kún orúkọ ilé náà. Weston fúnra rẹ̀ máa ń wọ inú ọkọ̀ ogun láti bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí ọtí, tí àwọn kan á sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní mu ún mọ́. Ẹ fojú inú wò ó: obìnrin tó wọ aṣọ gígùn dé ilẹ̀, tó dúró láàárín ìbọn ńlá àti ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n da ọtí tí ìjọba fún wọn nù. Bí mo bá rò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí ará Àjàṣẹ́ ni mí. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó yìnbọn lu Èkó ní 1851. Ní 1861 wọ́n wá yìnbọn lu ìlú tiwa pẹ̀lú, nígbà tí Ọba Sodji wà lórí oyè. Nítorí ìbẹ̀rù wọn ni ọba náà fi lọ wá ààbò lọ́dọ̀ àwọn Fáráńsé ní 1863. Gbogbo wa la mọ ibi tí ìyẹn gbé wa dé. Mo bi olùkọ́ pé, “Ṣé irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni obìnrin náà ń fún ní tíì?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fa ìbọn náà. Àwọn tó rán wọn níṣẹ́, ilé wọn ni wọ́n sùn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, títí di òní. Ìwé tí obìnrin náà kọ dára. Ìbọn tí àwọn tó gba ìwé náà ń yìn kò dára. N kò mọ bí a ti ń fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́, n kò sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́.

Àwọn sójà pẹ̀lú rí ilé tiwọn ní ìgbà kan náà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Elise Sandes, ará ìlú Tralee ní ilẹ̀ Áyálándì, bẹ̀rẹ̀ nípa pípe àwọn ọ̀dọ́ sójà wá sí ilé ìyá rẹ̀. Ní 1877 ó ṣí ilé àwọn sójà ní ìlú Cork. Lẹ́yìn náà irú ilé rẹ̀ pọ̀ sí i.

Kì í ṣe atukọ̀ tó wà láàyè nìkan ni àwọn ènìyàn Weston ń ṣe aájò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1893, ọkọ̀ ogun ńlá kan tó ń jẹ́ Victoria rì nítòsí Trípólì, ní etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí. Kì í ṣe ọ̀tá ló rì í. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ni ó kọ lù ú níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ọkùnrin 358 ló kú. Àwọn opó wà nílé pẹ̀lú ọmọ, wọ́n ń dúró de owó ìjọba, owó ìjọba kì í sì í yára. Ilé Weston wà lára àwọn tó gbọ́ bùkátà wọn.

Agnes Weston kú ní Devonport ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1918. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi sin ín bí wọ́n ti ń sin ọ̀gá wọn, obìnrin tí kò gbé ìbọn rí. Sophia Wintz di iṣẹ́ náà mú títí òun náà fi kú ní 1929. Ní 1941 ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí Devonport, ilé náà sì wó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò wó. Ó ń lọ títí di òní. Aggie ni àwọn atukọ̀ ń pe ilé náà, èyí tí í ṣe orúkọ ìkẹ́ fún Agnes. Nísinsìnyí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ bá àwọn atukọ̀ àti ẹbí wọn níbi tí wọ́n wà.

Nígbà tí olùkọ́ parí ọ̀rọ̀, mo dìde, mo lọ ra bébà. Ìgbà mẹ́rin ni mo kọ ìwé náà kí ó tó dára. Àkọ́kọ́ gùn jù, mo ń wí àwíjàre. Nínú ìkejì, mo kọ pé, “Ìyá wa ti sùn.” Olùkọ́ wò ó, ó ní, “Ìyá, bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu, yóò yé e. Lórí bébà, ó lè rò pé oorun ni.” Mo sunkún. Mo mú bébà mìíràn, mo kọ ọ́ pé: “Ìyá wa kú ní 1990. Ó ń pe orúkọ rẹ. N kò mọ ìwé kà nígbà náà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.”

Adírẹ́sì ilé àwọn atukọ̀ náà ni mo fi sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá sí ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, n kò sì mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá. Mo ń tà aṣọ mi, mo ń lọ sí ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní oṣù keje, ìdáhùn dé. Èbúté mìíràn ni ó ti wá. Àbúrò mi ti kúrò nínú ọkọ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé náà kò da ìwé mi nù. Wọ́n fún atukọ̀ kan tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn fún ẹlòmíràn, títí ó fi dé ọwọ́ rẹ̀. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣí i fúnra mi. Kò gùn. Ó kí mi, ó kí àwọn ọmọ, ó ṣe àdúà fún ìyá wa. Ní ìsàlẹ̀, ó fi ou rẹ̀ àtijọ́ kọ ọ́ pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọwọ́ yín ni?”

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti kọ ọ́ padà pé ọwọ́ mi ni.